Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Ínjẹ́tọ̀ Ọkọ̀ Onítọ́bò

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ínjẹ́tọ̀ ọkọ̀ onítọ́bò rẹ̀ kọ́kọ́ rò kó tó kówó sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré, èyí tó tóbi jù lójà ni wọ́n ń béèrè, nígbà tí wọn ò tíì mọ iye agbára tí wọ́n ń wá. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò, ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń bàjẹ́.

Jẹ́ ká fi SR20DET ti Nissan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà nínú Silvia tí wọ́n tà ní Japan, ó sì wà nínú 200SX S14 tí wọ́n tà nílùú Ọba. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, 240SX, kò ní tọ́bò. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń ra SR20DET tòkunbọ̀ láti Japan, tí wọ́n á gbé e sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ni, sílíńdà rẹ̀ mẹ́rin. Ti Silvia S13 ń mú agbára ẹṣin 205 jáde, ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè tú epo 370 cc ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá ṣí sílẹ̀ láìpadé.

Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò tó ń lo pẹtiróòlù ń fẹ́ nǹkan bíi 6.3 cc epo ní ìṣẹ́jú kan fún agbára ẹṣin kan. Ìṣirò ẹni tó ń ṣọ́ra nìyẹn, òun ni mo sì fara mọ́. Fi 6.3 sọ 205 di púpọ̀, wàá rí nǹkan bíi 1,290. Ínjẹ́tọ̀ mẹ́rin oní-370 jẹ́ 1,480. Nípa ìṣirò yìí, láti ilé-iṣẹ́ wá ni ínjẹ́tọ̀ ọkọ̀ náà ti ń lo bíi ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dópin. Ààyè tó kù kò tó nǹkan. Ẹni tó bá wá gbé tọ́bò ńlá lé e, atẹ́gùn á pọ̀ sí i, epo ò ní pọ̀ tó o. Ooru á ga, epo á máa bú gbàmù kó tó àsìkò, písítìnnì á sì yọ́. Kì í gba àkókò rárá.

Nítorí náà, kọ iye tí o ń wá sílẹ̀. Ká ní 350 ni. Fi 6.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2,205. Pín in sí mẹ́rin, ó di 551. Má tíì lọ sọ́jà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bíi 17 péré nínú rẹ̀ ni ínjẹ́tọ̀ ní láti ṣí, láti tú epo, àti láti padé kí àyè mìíràn tó kàn án. Bí kò bá ráyè padé dáadáa, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní lè darí rẹ̀ mọ́. Nítorí èyí la kì í fi í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ. Pín 551 sí 0.8, wàá dé nǹkan bíi 690. Nismo ti ṣe oní-740 fún ẹ́ńjìnnì yìí. Ó tó.

A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ lè ní oní-1,000 lòun ń lò, kó sì jẹ́ pé E85, epo tí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀, ló ń rọ. Epo yẹn ń fẹ́ bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju pẹtiróòlù lọ. 690 tiwa á di nǹkan bíi 900, oní-1,000 sì tọ́ sí i. Bí ìwọ náà bá mọ̀ pé E85 lo máa rọ lọ́jọ́ iwájú, ra èyí tó máa gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àjèjé ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Pọ́ǹpù tó ń ti epo bọ̀ láti inú táǹkì gbọ́dọ̀ lè fún ínjẹ́tọ̀ ní iye tó ń fẹ́, kì í sì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ dúró lásán. Ìfúnpá epo gbọ́dọ̀ fi bar 3 ju ti atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì lọ nígbà gbogbo. Bí tọ́bò bá fún un ní bar 1, bar 4 ni pọ́ǹpù ní láti tì. Bí ìfúnpá sì ṣe ń ga ni iye epo tí pọ́ǹpù ń gbé ń dín kù. Àwọn kan rò pé àwọn lè fi ìfúnpá nìkan ṣe é, kí wọ́n má pààrọ̀ ínjẹ́tọ̀. Kò lè gbé wọn jìnnà: bí o bá gbé e láti bar 3 sí 4, 370 kò ní ju nǹkan bíi 427 lọ.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ayédèrú pọ̀ lójà, ibi tó sì ti ń pani lára ni kí mẹ́rin má tú epo bákan náà. Aago tó ń wo èéfín ń ka àpapọ̀ gbogbo sílíńdà. Ó lè fi ohun tó dára hàn ọ́ nígbà tí ebi epo ń pa ẹyọ kan nínú wọn. Ra èyí tí wọ́n wọ̀n papọ̀ tí ìwé ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n kó tó wọlé. Béèrè bóyá ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohms 12 sókè tàbí 2 sí 3: àwọn oní-ohms kékeré lè jó kọ̀ǹpútà tí wọn ò ṣe fún wọn.

Tún gba ìwé tó sọ bí ó ṣe ń pẹ́ kó tó ṣí ní ìwọ̀n iná bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa dúró jẹ́ẹ́ lórí ìdúró. Iná bátìrì ń rọlẹ̀ bí o bá tan iná ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù, ínjẹ́tọ̀ á sì pẹ́ sí i kó tó ṣí. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ èyí á máa ṣi epo wọ̀n, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, òórùn epo á gba ibẹ̀, epo tó ṣẹ́kù á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Àwọn ínjẹ́tọ̀ ńlá òde òní kì í fa wàhálà yìí bí ti àtijọ́, bí a bá fún kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n wọn tó péye.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mẹ́káníìkì bá ti de oní-740 mọ́ ọn, má wa ọkọ̀ náà lọ sílé. Kọ̀ǹpútà tó ṣì rò pé 370 ni yóò máa tú epo ní ìlọ́po méjì. Jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà náà tò. Kí ó sì fi aago wideband, èyí tó ń wo èéfín, sí i. Bí tọ́bò bá ń fẹ́ lákòókò tí pẹtiróòlù wà nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n atẹ́gùn sí epo tí aago náà ń fi hàn sì kọjá 12.5, gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí o sì wá ìdí rẹ̀ kí o tó tún tẹ̀ ẹ́.