Ẹ Dí Etí Òrùlé Ilé Oko Yín Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó,

Àwọn àgbà a máa wí pé bí iná bá ń jó lóko, màjàlà a máa ṣòfófó fún ará ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo màjàlà ni ó ti kú kí ó tó balẹ̀. Òmíràn nínú ewé àti koríko jíjó tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ṣì ní ẹyin iná nínú, bí irú rẹ̀ bá sì bọ́ sí abẹ́ etí òrùlé, ó lè jó ilé náà kanlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé kékeré yìí, kí ẹ lè mọ bí a ti ń dí ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RÀN YÌÍ FI KAN OLÓKO KÒKÓ

Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kìíní ni a ń ká èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó ọdún. Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ koríko, tí iná àwọn ọdẹ àti ti àwọn tí ń sun igbó sì ń ṣìnà wọ oko ẹlòmíràn. Ẹ kíyèsí i pé àkókò tí àpò kòkó kún inú ilé náà ni iná ń rìn kiri. Ilé tí ó bá jó nígbà náà, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó àwọn alágbàṣe ni ó bá a lọ, gbèsè nìkan ni yóò sì kù.

Ní ọdún 1983, lẹ́yìn ọ̀dá òjò ńlá, iná igbó jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko kòkó run ní ilẹ̀ Gánà. Igi kòkó tí ó jó, a lè gbin òmíràn dípò rẹ̀. Kòkó tí ó ti wà nínú àpò kò ní ìrúwé mọ́.

2. BÍ MÀJÀLÀ TI Ń WỌ ILÉ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé kò lè jó àfi bí ọwọ́ iná bá kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màjàlà lè fò ré kọjá ààlà tí a ti ro, kí ó sì bá ilé tí ó jìnnà sí iná. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlu ògiri, yóò gun òkè lọ sí abẹ́ etí òrùlé, yóò sì gbé ohun tí ó rù wọ inú ihò tí ó bá bá níbẹ̀. Màjàlà tí ó bọ́ sórí erùpẹ̀ yóò kú. Èyí tí ó bọ́ sórí ewé gbígbẹ, ìtẹ́ ẹyẹ tàbí àpò ìdọ̀họ yóò máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́ ẹ di ọwọ́ iná.

Àwọn ará ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí iná igbó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀, mọ èyí dájú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2009, iná igbó pa ènìyàn 173 ní ìpínlẹ̀ Victoria, ó sì jó ilé tí ó ju 2,000 lọ. Nínú òfin ilé kíkọ́ wọn, ihò afẹ́fẹ́ ilé tí ó wà ní agbègbè iná gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 2 lọ. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún wa pẹ̀lú.

3. BÍ A TI Ń YẸ ILÉ WÒ

Ẹ wọ inú ilé ní ọ̀sán gangan, kí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì gbójú sókè. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ní etí òrùlé, màjàlà lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ó rí i ní ibi mẹ́ta pàápàá:

(a) àárín orí ògiri àti òrùlé;
(b) ẹnu páànù, níbi tí ó ti ṣe kọ́lọkọ̀lọ lórí igi;
(d) ihò tí a dá sí orí ògiri fún afẹ́fẹ́.

4. BÍ A TI Ń DÍ I

Ẹ kọ́kọ́ gun àkàbà, kí ẹ kó ìtẹ́ ẹyẹ, ewé àti ìdọ̀tí gbogbo kúrò. Ẹ po amọ̀ dáradára, kí ẹ fi dí àárín ògiri àti òrùlé, àti ẹnu páànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí amọ̀ bá gbẹ, yóò sán; ẹ tún un rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó ní sìmẹ́ńtì lè lò ó. Bí ó bá jẹ́ pákó ni a kàn sí abẹ́ etí òrùlé, ẹ dí gbogbo ojú tí ó là. Èyí tí ó ti jẹrà, ẹ fi páànù àlòkù rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹní tàbí àpò dí ihò, nítorí oúnjẹ iná ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí ihò afẹ́fẹ́ pa. Ilé tí kò ní afẹ́fẹ́ yóò mú kí kòkó bu, kòkó tí ó bu kò sì níyì lójú ẹni tí ń rà á. Àwọ̀n onírin ni kí ẹ kàn sí ihò wọ̀nyí. Àwọ̀n ọgbà adìẹ fẹ̀ jù; àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi rọ́bà ṣe yóò yọ́. Ẹ fi orí ìṣáná dán an wò: bí ó bá kọjá nínú ojú àwọ̀n, ojú náà tóbi jù. Ẹ kan etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí ìpẹta.

5. ILẸ̀ ABẸ́ ETÍ ÒRÙLÉ

Ẹ ro ẹsẹ̀ bàtà 5 yí ilé ká, kí ẹ gbá a títí yóò fi ku erùpẹ̀ nìkan. Igi ìdáná, èèpo kòkó gbígbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gbiná, ọwọ́ iná yóò lá abẹ́ etí òrùlé, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lókè yóò sì di asán.

6. ILÉ TÍ A FI EWÉ BÒ

Dídí etí òrùlé kò lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí òrùlé náà fúnra rẹ̀ ni màjàlà yóò bà lé. Ẹ má ṣe fi kòkó gbígbẹ pamọ́ sínú rẹ̀ ní àkókò ọyẹ́. Bí owó kò bá tó láti fi páànù bo gbogbo ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá tí kòkó wà.

7. ỌJỌ́ TÍ INÁ BÁ DÉ

Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ gbé àkàbà, omi àti àpò tútù sí ìtòsí, kí ẹ sì máa pa màjàlà bí ó ti ń bọ́. Bí iná bá ti kọjá, ẹ má ṣe lọ sùn. Ẹ máa wo abẹ́ etí òrùlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí ẹyin iná a máa fara pamọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọdé àti arúgbó ti kúrò kí iná tó súnmọ́ ilé, bí òrùlé bá sì gbiná, kí gbogbo ènìyàn jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà wọlé nítorí àpò kòkó.

Amọ̀ kò wọ́n lóko, iṣẹ́ náà kò sì ju ti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ ṣe é ní kété tí òjò bá dá, kí ẹ sì sọ fún àwọn aládùúgbò yín pẹ̀lú, nítorí ilé tí ó bá jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò rán màjàlà tirẹ̀ sí yín.