Ṣé Abẹ́rẹ́ Ló Ń Woni Sàn, àbí Ẹni Tó Mú Un Lọ́wọ́?

Ẹ bá mi dé Sábó, ní Yábàá. Lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, níbi tí Mark Zuckerberg ti wá wo Co-Creation Hub ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ tẹ láptọ́ọ̀pù. Tí ẹ bá yà sí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn, ẹ ó rí télọ̀ tó tẹ̀ ba sórí máṣíìnì. Iṣẹ́ wọn ò jọra, àmọ́ tó bá di alẹ́, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Ẹ̀yìn ń dùn mí o!"

Ká ní ẹ̀yin náà wà lára wọn, tí ọ̀rẹ́ yín kan wá ní: "Gbàgbé oògùn ara ríro jàre, lọ ṣe acupuncture." Ṣé kí ẹ lọ? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní acupuncture?

Ìwòsàn àtayébáyé àwọn ará Ṣáínà ni, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa nídìí o. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, ó sì tín-ín-rín bí irun. Oníṣẹ́ náà á kì í bọ awọ ara láwọn ojú ibi kan, á sì fi í síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Àlàyé wọn ni pé agbára kan tó ń jẹ́ qi ń gba àwọn ọ̀nà kan nínú ara. Tí ọ̀nà náà bá dí, àìsàn dé nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ló ń là á.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti la ara ènìyàn wò. Wọ́n rí ẹran ara, wọ́n rí iṣan ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wọn ò rí ọ̀nà qi. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan ò tó ká fi sọ pé abẹ́rẹ́ ò ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni ká dán an wò.

Ìdánwò àwọn ará Jámánì

Ní ọdún 2007, àwọn dókítà ní Jámánì gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn àkọ́kọ́ ní ojú ibi tí àwọn ará Ṣáínà fi kọ́ni. Wọ́n kàn gún àwọn ìkejì léréfèé, níbi tí kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn ìkẹta gba oògùn àti eré ìdárayá bí ilé ìwòsàn ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi 48 ló rí ìtura nínú àwọn àkọ́kọ́, 44 nínú àwọn ìkejì, 27 péré nínú àwọn ìkẹta.

Ṣé ẹ rí i? Ojú ibi tí wọ́n gún ò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá. Àmọ́ àwọn tí wọ́n gún, ì báà jẹ́ níbi tó tọ́ tàbí níbi tí kò tọ́, gbádùn ju àwọn tí wọn ò gún lọ. Kí ló wá ń ṣiṣẹ́?

Oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó bi ara rẹ̀ léèrè

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Ted Kaptchuk. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Macau, ó padà wálé, ó sì ń tọ́jú èèyàn ní ìlú Boston. Ara àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ń yá. Àmọ́ ó ṣàkíyèsí pé ara àwọn míì ń yá ju ohun tí abẹ́rẹ́ tàbí egbòogi lè ṣe lọ. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́, kó máa gbowó rẹ̀ lọ. Ibi tí èèyàn ti ń jẹun ni, ta ló fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i? Kaptchuk ò dákẹ́. Ó di olùṣèwádìí ní Harvard, ó sì gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ sórí ìwọ̀n.

Ní ọdún 2008, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò kan jáde lórí èèyàn 262 tí inú ń run lemọ́lemọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò kì í wọ ara rárá. Ńṣe ni ẹnu rẹ̀ ń sá padà sínú bíi ti bírò alátẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ kàn ń dúró de ìtọ́jú ni. Àwọn ìkejì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníṣẹ́ ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́dọ̀ wọn, kò sì bá wọn tàkúrọ̀sọ. Àwọn ìkẹta gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn kan náà, àmọ́ oníṣẹ́ jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú 45. Ó bi wọ́n bí àìsàn náà ṣe ń ṣe wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn, ó sì fetí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ní àwọn rí ìtura tó tẹ́ àwọn lọ́rùn jẹ́ 28, 44 àti 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ló sún 44 di 62!

Ṣé ìtura náà kì í ṣe irọ́?

Rárá o. Ọpọlọ wa fúnra rẹ̀ ń ṣe oògùn ìrora tó ń jẹ́ endorphin. Ní ọdún 1978, àwọn olùwádìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín ní oògùn ẹ̀tàn, ara sì tu àwọn kan. Ìgbà tí wọ́n wá fún wọn ní naloxone, tó ń dí ọ̀nà mọ́ endorphin, ìrora àwọn tí ara ti tù náà tún gbérí. Ìtura tòótọ́ ni.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ọpọlọ lè dín ìrora kù. Kò lè pa kòkòrò ibà, kò sì lè yọ jẹjẹrẹ.

Àwọn àgbà wa mọ èyí tipẹ́. Oníṣègùn á kọ́kọ́ béèrè: "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ilé ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó.

Ṣé kí ẹ lọ, àbí kí ẹ má lọ?

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ríro lásán ni, tí ẹ sì lówó rẹ̀, ó lè mú ìtura wá. Àmọ́ ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni, kí wọ́n tú u lójú yín, bí a ṣe ní kí ẹ máa béèrè abẹ tuntun fún gbẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ àlòpadà lè gbé HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ wọ ara. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún yín láyà, torí abẹ́rẹ́ lè lu ẹ̀dọ̀fóró.

Tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tí ìtọ̀ ò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí ẹ̀yìn ríro bá bá ibà rìn, ẹ má wá abẹ́rẹ́ lọ. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ò jìnnà sí Sábó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, a mọ̀ pé èrò pọ̀ nílé ìwòsàn, ìṣẹ́jú 45 ò sì sí. Àmọ́ kò sí èrò tó pọ̀ débi tí a ò fi ní lè wo aláìsàn lójú, ká ní: "Ẹ jókòó, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Ìyẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.