Àpótí Ìmọ̀: Ibi Ìkófáìlìsí Àjùmọ̀lò

NAS ni ẹ̀rọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ jọ ń kó fáìlì sí, tí wọ́n sì ń gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mú un. Fáìlì fíìmù, fún àpẹẹrẹ, máa ń tóbi: àwòrán 24 ló sábà ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan ti di 1,440. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn megabyte 20, gbogbo rẹ̀ sún mọ́ gigabyte 29. Okùn oní-gigabit kan kì í sì gbé ju megabyte 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá bá jọ ń fà á, ọ̀nà á dí. Gigabit 10 ló yẹ NAS, bó tilẹ̀ wọ́n.

RAID 5, ọ̀nà kan tí a fi ń to àwọn dísìkì inú NAS pọ̀, ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí dísìkì kan bá kú. Kò lè dá fáìlì tí ẹnìkan ṣèèṣì pa rẹ́ padà, nítorí náà ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn.

Ní Àbújá, ìbáà ṣe Wuse tàbí Gwarinpa, iná AEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná níbẹ̀, lè lọ lójijì, kí jẹnẹrétọ̀ sì tó gbà á, NAS ti kú níbi tó ti ń kọ fáìlì lọ́wọ́. UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iná fún ìgbà díẹ̀, ló ń dí àlàfo náà. Bí bátìrì rẹ̀ bá fẹ́ tán, á sọ fún NAS pé kó rọra pa ara rẹ̀.