Ẹ Má Tètè Fún Jess Lórúkọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin tí Ẹ Fẹ́ Ka The Icarus Girl

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ lítíréṣọ̀, mo gbọ́ pé The Icarus Girl ti Helen Oyeyemi wà lára ìwé tí ẹ máa kà ní sáà yìí. Inú mi dùn. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Oyeyemi ní ọdún 1984, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rin, ilé-ẹ̀kọ́ girama ló sì ṣì wà nígbà tó ń kọ ìwé yìí. Ọdún 2005 ni ó jáde. Ẹ má tìtorí pé ọmọdé ló kọ ọ́ kí ẹ fojú kéré rẹ̀ o. Ìwé tó lágbára ni.

1. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wá àkópọ̀ rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ẹ̀rù ni. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ ibi tí ẹ̀rù wà fún kò ní bẹ̀rù mọ́, ẹni tí kò bá sì bẹ̀rù kò lè mọ ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi dẹ́rù bani.

2. Ẹ wo àwọn àgbà kí ẹ tó wo ọmọ. Jessamy Harrison, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó máa ń figbe ta ní ilé-ìwé, kò sì rí ẹgbẹ́ bá ṣe. Òyìnbó ni Daniel bàbá rẹ̀. Sarah ìyá rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó yí i padà sí lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ bàbá tirẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n mú Jess lọ sí ilé bàbá àgbà ní Bódìjà, ó pàdé ọmọbìnrin kan tó ń pè ní TillyTilly, ẹni tí ẹlòmíràn nínú ilé kò mọ̀. TillyTilly yìí ló wá sọ fún un pé ìbejì ni wọ́n bí i, pé Fern, èkejì rẹ̀, kú nígbà ìbí. Bàbá mọ̀. Ìyá mọ̀. Fún ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́ fún ọmọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìwé yìí wà. Bí ẹ bá kọ àròkọ lórí ọmọ tó ń yọ ilé lẹ́nu láìmẹ́nu ba ohun tí ilé fi pamọ́ fún ọmọ náà, máàkì yín kò ní pọ̀ lọ́wọ́ mi.

3. Ẹ má tètè fún ọmọ náà lórúkọ. Àwa Yorùbá ni àṣìṣe yìí máa ń bá jù. A kò ì kà dé àárín ìwé tí a ti ń pariwo pé àbíkú ni. Àbíkú ni ọmọ tó ń kú, tó sì ń padà wá bá ìyá kan náà. Jess kò kú rí. Ẹlòmíràn á ní emèrè ni, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé fi lé wa lọ́wọ́ ni pé ìbejì tó ṣẹ́kù ni, ohun tí à ń ṣe fún ìbejì sì yàtọ̀ sí ohun tí à ń ṣe fún àbíkú. Àwọn mìíràn á tún ní ọpọlọ ọmọ náà ni kò pé, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ TillyTilly. Oyeyemi mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ láìtì ni. Dígí fọ́, kọ̀ǹpútà ìyá bàjẹ́, ọ̀rẹ́ Jess já láti orí àtẹ̀gùn: ọwọ́ Jess lè ṣe é, ọwọ́ TillyTilly náà lè ṣe é. Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé àjákọ yín. Ní apá kan, ẹ kọ ìgbà tí TillyTilly wá tí ẹlòmíràn wà nítòsí. Ní apá kejì, ìgbà tí Jess nìkan wà. Ẹ parí iṣẹ́ yìí ná kí ẹ tó dá ẹjọ́ kankan.

4. Ẹ bèèrè pé ojú ta ni a fi ń wo ọ̀rọ̀. Ẹ gbé ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ The Fifth Child tí Doris Lessing tẹ̀ jáde ní 1988. Ben ni ọmọ karùn-ún Harriet àti David Lovatt. Ó lágbára kọjá ọmọdé, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ará ilé, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, ìyá rẹ̀ sì lọ gbé e padà. Lessing kò jẹ́ kí a wọ inú Ben rárá, àfi nígbà tó tún kọ Ben, in the World ní 2000. Ẹ wo The Turn of the Screw ti Henry James náà, 1898: olùkọ́ ọmọ ló ń sọ ìtàn, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí iwin àwọn òkú tó ń dọdẹ àwọn ọmọ náà. Oyeyemi ní tirẹ̀ so wá mọ́ ojú Jess. Ọmọ ni à ń bẹ̀rù nínú ìwé Lessing. Nínú ti Oyeyemi, à ń bẹ̀rù nítorí ọmọ. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó kọ odindi àròkọ lé lórí.

5. Ẹ ṣọ́ ilé. Láti ọdún 1764 tí Horace Walpole ti kọ The Castle of Otranto ni ìtàn gothic ti máa ń ní ilé tó ń pa àṣírí mọ́. Nínú ìwé Walpole, baba ńlá gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Akoto ogun ràgàjì sì já lu ọ̀kan nínú àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oyeyemi kò nílò ààfin. Boys' Quarters tí ẹnì kankan kò gbé mọ́, lẹ́yìn ilé ní Bódìjà, ló lò. Gbogbo wa ló mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ kí wọ́n má bàa hàn ní iwájú. Nínú ilé yẹn, lórí tábìlì tó kún fún eruku, ni Jess ti rí i tí ẹnìkan fi ìka kọ ìkíni sí i. Ẹ ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

6. Ẹ má sọ ọ́ di ìwé àṣà. Sarah sọ pé ayé mẹ́ta ni ìbejì ń gbé: ayé yìí, ayé ẹ̀mí, àti Igbó, tí í ṣe aginjù inú ọkàn. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, ayé àti ọ̀run ni wọn ó mẹ́nu bà. Igbó yẹn, tí í ṣe ayé kẹta, jọ iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé lójú mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ fi wé My Life in the Bush of Ghosts ti Amos Tutuola, 1954, níbi tí ọmọdé kan ti ṣìnà wọ igbó àwọn iwin. Ère ìbejì ní tirẹ̀ kì í ṣe àròsọ: àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ bí, bí ọmọ tó kú tilẹ̀ jẹ́ ìkókó, ìyá á sì máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ. Wọn kò gbẹ́ ti Fern nígbà tó kú.

7. Ẹ má kọ ọ́ pé ìṣègùn òyìnbó kùnà, ìṣẹ̀ṣe sì borí. Lóòótọ́, wọ́n mú Jess lọ bá Dókítà McKenzie, ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà tí ìṣẹ̀ṣe wà náà ni ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣe Jess léṣe ti ṣẹlẹ̀.

8. Ẹ má ti ìparí tí òǹkọ̀wé ṣí sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rò, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú ìwé tó mú yín rò ó.

9. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka White Is for Witching tí òun kan náà tẹ̀ jáde ní 2009, tó gba ẹ̀bùn Somerset Maugham ní 2010. Ìlú Dover ni ilé ibẹ̀ wà, ilé náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ mú ìbéèrè yín wá sí kíláàsì ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé àkópọ̀ ẹlòmíràn wá, ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀.