Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Òrí

Ìsẹ́yìn,
Oṣù Kejìlá, 2025.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Òrí tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kò rùn èéfín, kò sì kan. Inú mi dùn gan-an ni.

Láti ìgbà tí o ti wà ní Pólì Ṣakí lo ti ń sọ pé kò yẹ kí àwọn ìyá wa máa ta kóró emi tí a fi ń ṣe òrí ní àpò-àpò, kí wọ́n gbé e lọ sókè òkun, kí ó sì padà wá bá wa nínú ike ìpara tí ọwọ́ ẹni kò ká. Gbogbo wa gbọ́. A ní ó dáa, a sì lọ jẹun. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi owó ara rẹ sí i lọ́dún yìí, tí o háyà ṣọ́ọ̀bù, tí o ra ẹ̀rọ ìlọta, tí o sì kó àwọn obìnrin jọ láti Àgọ́-Àmọ̀dù. Mo mọ̀ pé òjò ọdún tó kọjá kọjá lórí rẹ láìṣe nǹkan kan, torí igi emi kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí èso rẹ̀ bá ti já lásìkò òjò tí o kò sì tíì múra, ó di ẹ̀ẹ̀míràn. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun kékeré lo ṣe.

Ṣùgbọ́n èrò tí o ń gbé kiri tẹ́lẹ̀, tìrẹ nìkan ni. Ní báyìí tó ti di iṣẹ́, àwọn ẹlòmíràn ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Àwọn ni mo torí wọn kọ̀wé.

Wo iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn dáadáa. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ń wọ igbó tútù lọ ṣa èso, ejò kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń na ọwọ́ sí. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á tún sá a. Kóró tó bá ti hù nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣa á, òrí rẹ̀ kì í dáa, nítorí náà ojú wọn ni ọjà rẹ ń gbára lé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kúnlẹ̀ ti agbada, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ po ó, tí wọ́n á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Apá á máa ro wọ́n. Nǹkan dúdú bíi ẹrẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á funfun, òrí á léfòó. Ìyá àgbà tó mọ ìgbà tí omi tutù kàn án, ẹ̀rọ kankan kò tíì kọ́ ọ níṣẹ́. Sanwó fún un bí ọ̀gá iṣẹ́.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ìjọba ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún yìí, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé Ààrẹ Tinubu ti fòfin de kíkó kóró emi tútù jáde fún oṣù mẹ́fà. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú 100 kóró gbogbo ayé tí ilẹ̀ wa ń pèsè, síbẹ̀ ìdá 1 péré la ń rí nínú ọjà òrí àgbáyé tó tó bílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Ohun tí o ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà ni. Inú rẹ dùn, tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń rà á lọ sókè òkun bá kúrò nídìí àpò, ta ló kù tí yóò rà á? Ìwọ àti àwọn bíi tìrẹ. Obìnrin tí kóró rẹ̀ jókòó sílé, tí owó ilé ìwé ọmọ sì ti tó san, iye tí o bá pè ni yóò gbà. Ọmọ mi, má ṣe pè é ní iye tí ìwọ náà kò ní lè sọ síta. Kí owó tó o fẹ́ fi ra ẹ̀rọ kejì dúró ná.

Èkejì ni igi fúnra rẹ̀. O mọ bí èédú ṣe gba gbogbo Òkè-Ògùn kan. Láti Ṣakí dé ibi tí mo wà yìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún àpò èédú, igi emi sì wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, torí iná rẹ̀ ń pẹ́. Ọdún 15 sí 20 ni igi yìí máa ń gbà kó tó so dáadáa, ọ̀sán kan ni wọ́n fi ń gé e. N kò bínú sí ẹni tó ń ṣun èédú, ebi ló ń lé e wọ igbó. Àmọ́ olóko tó bá ń rí owó lọ́wọ́ rẹ lọ́dọọdún nídìí igi méjì-mẹ́ta, ó ní ohun tí yóò rò kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé ayùn dé ibẹ̀. Lọ bá wọn lóko wọn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán ilẹ̀. Mú Baálẹ̀ dání. Ẹ kà á, igi wo ló wà lóko ta ni, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí o bá ń bọ̀ sí ìpàdé ẹbí, mú ìwé náà wá, kí n wò ó. Bá mi kí màmá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ n'Ísẹ́yìn.