Kòkòrò Tí Ó Ba Ọgbà Àjàrà Faransé Jẹ́, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àjàrà kì í ṣe ọ̀gbìn ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ti ibòmíràn kó igi ẹ̀gẹ́, èébù iṣu tàbí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí oko rẹ̀ yẹ kí ó gbọ́ ìtàn yìí.

Bí àrùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Èso àjàrà ni àwọn ará Faransé fi ń ṣe ọtí wáìnì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Ní 1863, ní agbègbè Gard ní gúúsù ilẹ̀ náà, àwọn olóko ṣàkíyèsí pé àjàrà wọn ń kú. Ewé a pọ́n, èso a dínkù, láàárín ọdún díẹ̀ igi a gbẹ. Bí wọ́n bá hú igi tí ó ti kú, wọn kì í rí ohunkóhun nídìí rẹ̀.

Ní 1868 ni Jules-Émile Planchon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú igi tí ó ṣì wà láàyè. Wọ́n bá kòkòrò wẹ́wẹ́, pupa rúsúrúsú, lára gbòǹgbò rẹ̀. Phylloxera ni orúkọ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà kan lọ. Oje gbòǹgbò ni ó ń fà. Ibi tí ó bá fà a wú, a sì jẹrà. Bí igi bá kú, kòkòrò a ṣí lọ sí ìdí òmíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó hú òkú igi kò fi rí i.

Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn tí ó kó igi àjàrà láti ibẹ̀ wá gbìn ni wọ́n gbé e wọlé láìmọ̀.

Òfò tí ó mú wá

Ní 1875, ọtí tí Faransé ṣe lé ní mílíọ̀nù 80 hẹ́kítólítà (hẹ́kítólítà kan jẹ́ lítà 100). Ní 1889, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 23 lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn ré òkun lọ sí Algeria.

Ohun tí ó gbà wọ́n

Ìjọba ṣèlérí 300,000 faranki fún ẹni tí ó bá rí oògùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbà á. Wọ́n da oògùn olóòórùn sínú ilẹ̀, wọ́n fi omi bo oko mọ́lẹ̀. Èyí ran díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ká gbogbo oko.

Àjàrà Amẹ́ríkà ti ń bá kòkòrò yìí gbé láti ìgbà pípẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ lè fara dà á. Wọ́n wá lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé sí ìdí àjàrà Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lọ́ ojú ọsàn dídùn sí ìdí ọsàn kíkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní, nítorí kòkòrò náà kò kúrò nínú ilẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa

Irú rẹ̀ dé bá wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò ẹ̀gẹ́ kan tí ó funfun bí ìyẹ̀fun ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Áfíríkà. A gbà pé ara igi ẹ̀gẹ́ ni ó bá wọlé. Ewé ẹ̀gẹ́ kákò, iṣu rẹ̀ sì kéré. Ní 1981, àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n kékeré kan tí wọ́n mú wá láti ìlú ìbílẹ̀ kòkòrò náà sílẹ̀. Òun ni ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ má ṣe kó ohun ọ̀gbìn wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò.

2. Ara igi tí ó le koko nìkan ni kí ẹ ti mú ohun tí ẹ ó gbìn.

3. Bí ọ̀gbìn kan bá ń kú, ẹ yẹ ìdí èyí tí ó wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú.

4. Ẹ tètè ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí yín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kòkòrò tí ẹ kò bá jẹ́ kí ó wọ oko, ẹ kò ní wá oògùn rẹ̀.