"PONDER": Ọ̀RỌ̀ ÒYÌNBÓ TÍ Ó GBÉ ÒṢÙWỌ̀N LỌ́WỌ́

Ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kúkúrú kan tí tọmọdé tàgbà lè mú lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yàn, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì ni: "ponder." Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì máa ń bá a pàdé nínú Lúùkù 2, ẹsẹ 19, níbi tí a ti sọ ohun tí Màríà ṣe sí ọ̀rọ̀ tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn mú wá. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọn á ní "láti ronú" ni. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ni gbòǹgbò rẹ̀. Ní èdè Látìnì tí wọ́n ń sọ, "pondus" ni wọ́n ń pe ìwúwo, "ponderare" sì ni kí ènìyàn gbé nǹkan lé òṣùwọ̀n kí ó lè mọ bí ó ti wúwo tó. Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí ẹnu àwọn Faransé, ọwọ́ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á láàárín 1300 sí 1400. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń lò ó fún ti ọkàn nìkan, pé kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ lé òṣùwọ̀n nínú ara rẹ̀. Ìwúwo yẹn kò kúrò nínú ẹbí náà títí di òní. Nǹkan tí ó wúwo débi pé kò ṣeé gbé sọ́tùn-ún sósì, "ponderous" ni wọ́n ń pè é.

Ẹbí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, a sì ti ń bá wọn gbé láìmọ̀. Àwọn òbí wa ná pọ́n-ùn ní Nàìjíríà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Pọ́n-ùn yẹn, ọmọ ìyá "ponder" ni. Ìwọ̀n fàdákà ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: pẹ́nì 240 ni wọ́n ń rọ láti inú fàdákà tí ó wọn pọ́n-ùn kan. Ìdí nìyẹn tí ṣílè 20 fi wà nínú pọ́n-ùn, tí pẹ́nì 12 sì wà nínú ṣílè kọ̀ọ̀kan. Àmì owó náà, £, lẹ́tà L ni. Ó dúró fún "libra," tí í ṣe òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ní èdè Látìnì. Pẹ́nṣàn náà ń bẹ nínú ẹbí yìí. "Pendere" ni ìyá gbogbo wọn, ó túmọ̀ sí kí nǹkan so rọ̀, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì fi san owó, nítorí pé owó àtijọ́, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó san án. (Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń tò fún pẹ́nṣàn, ẹ mọ̀ ju mi lọ pé ó ṣì ń so rọ̀.) Àwọn ará wa tí wọ́n ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wá yóò bá mi jẹ́rìí sí i pé "penser" ni Faransé ń pe kí ènìyàn ronú. Inú wíwọ̀n náà ni ìyẹn ti jáde.

Kì í ṣe àwọn Róòmù nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 23, nígbà tí Ábúráhámù ra ilẹ̀ ìsìnkú fún Sárà, ṣe ló wọn fàdákà fún Éfúrónì, 400 ṣékélì. Ṣékélì fúnra rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí kí a wọn nǹkan ló ti wá. Tékélì tí ọwọ́ kọ sí ara ògiri ààfin Bẹliṣásárì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ní èdè Árámáíkì. Ọba yẹn ń mutí lọ́wọ́, kò mọ̀ pé òun ti wà lórí òṣùwọ̀n.

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni ọ̀rọ̀ wa yìí jáde, márùn-ún nínú rẹ̀ sì wà nínú ìwé Òwe. Ẹ wo Òwe 21, ẹsẹ 2, àti Òwe 24, ẹsẹ 12. Ọlọ́run ni wọ́n ní ó ń "ponder" ọkàn ènìyàn níbẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ló wá jókòó tí ó fọwọ́ lẹ́rán, tí ó ń ronú nípa wa? Rárá o. Ó ń wọ̀n wá ni.

Èdè tiwa náà kò ṣaláìní. A ní "rò," a ní "ronú," a ní "gbèrò," a ní "ṣàṣàrò." Àṣàrò tí Olúwa ní kí Jóṣúà máa ṣe, ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ní ohùn nínú, òun kan náà ni Àìsáyà lò fún kìnnìún tí ó ń kùn lórí ẹran tí ó pa, àti fún àdàbà tí ó ń ké. Ìyẹn ni pé ẹnu ń ṣiṣẹ́ níbi àṣàrò. Òyìnbó tún ní "ruminate," èyí tí wọ́n mú láti ara màlúù àti ewúrẹ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ bí Léfítíkù 11 ti wí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi àròkàn pe èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dabọ̀ wá. Ẹni tó ń ro àròkàn ń yí po lójú kan náà ni. Ẹni tó ń wọn nǹkan, ó ní ibi tí òṣùwọ̀n yóò dúró sí.

Òṣùwọ̀n àtijọ́, àwo méjì ló ní, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. A ó fi ẹrù sínú ọ̀kan, a ó fi òkúta ìwọ̀n sínú èkejì. Bí ẹ bá gbé nǹkan sínú àwo kan tí ẹ fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, àwo yẹn yóò já lulẹ̀ wàì, ìbáà ṣe ìyẹ́ adìẹ ló wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Aládùúrà nìyí. Ọlọ́run fún wa ní ìran, àlá àti àsọtẹ́lẹ̀, a kò sì ní í tìtorí ẹ̀gàn kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ báwo ni a ṣe ń gbà á? Mo mọ ìdílé kan, ìjọ mìíràn ni wọ́n wà, n kò sì ní í dárúkọ. Tọkọtaya náà ń wá ọmọ. Ní ìṣọ́ òru kan, aríran rí àgbàlagbà obìnrin kan tí ó wọ aṣọ aró, tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Ohun tí ó rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti di ẹrù ìyá ọkọ, wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ padà sí abúlé. Ìyá tí ó ti ń bá wọn gbé, tí ó ń dáná, tí ó ń gbààwẹ̀ nítorí wọn! Kò sí ẹni tí ó bi aríran bóyá ó rí ojú obìnrin náà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń dínà ni, tàbí ó ń ṣọ́ ilé. Ìyá náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi sínú àwo kejì?

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà, tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Ọdún gbogbo tí a ti fi mọ ènìyàn wà. Ìran àwọn mìíràn náà wà, nítorí Pọ́ọ̀lù ní 1 Kọ́ríńtì 14, ẹsẹ 29, ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì yẹ̀ ẹ́ wò. Sí àwọn ará Tẹsalóníkà, kò ní kí wọ́n kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, ó sì tún ní kí wọ́n dán ohun gbogbo wò. Ìmọ̀ràn méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí ní orí 5, ẹsẹ 20 àti 21, àwa la máa ń dúró síbi tí ó bá wù wá.

Òkúta ìwọ̀n ńkọ́? Àwọn Hébérù, òkúta gidi ni wọ́n ń kó sínú àpò lọ sí ọjà. Diutarónómì 25, ẹsẹ 13, kọ̀ ọ́ fún wọn láti kó òkúta oríṣi méjì, ńlá àti kékeré, nítorí pé àwọn oníṣòwò kan ń fi ńlá rà, wọ́n ń fi kékeré tà. Àwọn tí òbí wọn ṣòwò kòkó kò ní í ṣàì mọ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ilé Ọlọ́run náà. Bí ìran bá kan ìyá ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ, kíá la ti gbà pé Ọlọ́run ló sọ ọ́. Bí ó bá kan ọmọ tí a bí, a ó ní kí a gbàdúrà sí i ná.

Ẹ wá wo Màríà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò fún un, "symballousa," ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a kó nǹkan jọ sí ojú kan, kí a fi ọ̀kan ko èkejì lójú. Ọ̀rọ̀ Gébúrẹ́lì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìtẹ́ Dáfídì ni ọmọ náà yóò gùn. Ọ̀rọ̀ Èlísábẹ́tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí kò mọ̀ rí tún dé lóru, wọ́n ní àwọn rí áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ wò ni ibùjẹ ẹran. Ìtẹ́ ọba àti ibùjẹ ẹran, wọn kò bára mu. Kò sọ ọ̀kan nù nítorí èkejì, kò sì sáré jáde lọ kéde. Ẹsẹ 18 sọ pé ẹnu ya gbogbo àwọn tó gbọ́. Òun nìkan ni a sọ pé ó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọmọ pé ọdún 12, tí wọ́n wá a kiri Jerúsálẹ́mù, Lúùkù sọ ọ́ gbangba pé ohun tí ó wí kò yé àwọn òbí rẹ̀. Màríà tún pa ìyẹn náà mọ́ kún àwọn tó wà nílẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú Aládùúrà mọ ìwúlò pípa nǹkan mọ́ báyìí. Josiah Oshitelu, tí ó dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, ṣe ló ń kọ àwọn ìran tí ó ń rí sínú ìwé. Níhìn-ín náà, ìwé ìran wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọjọ́ ni a kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà orúkọ aríran, lẹ́yìn náà ohun tí ó rí. Ohun tí ó rí ni o, kì í ṣe ohun tí ó rò pé ó túmọ̀ sí. Èyí máa ń fa awuyewuye díẹ̀ láàárín èmi àti àwọn aríran wa, ṣùgbọ́n a ti ń mọ ara wa. Apá ọ̀tún ojú ìwé, òfìfo ni a ń fi í sílẹ̀, fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibòmíràn ti kún, ibòmíràn ṣì ṣófo. Ẹni tí a bá ríran sí, kí ó tó di ẹrù ẹnikẹ́ni, kí ó wá bá mi ní vẹ́sírì lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Àgbà ìjọ méjì yóò jókòó tì wá, a ó sì ka ìran náà sí i létí bí a ti kọ ọ́, àti àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.